Etí Nora Catterall àti Àwo Tó Ń Sáré

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwo orin ní Rishbeck, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti Nora Catterall ti jọ ṣiṣẹ́. Èmi wà nídìí tábìlì tí a ti ń ki àwo sínú páálí, ìdúró ni mo sì ń ṣe é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nora wà nínú yàrá kékeré onígíláàsì, ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó fi ẹ̀rọ bo etí méjèèjì, ó ń gbọ́ orin. Bí a bá fẹ́ tẹ àwo tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹyọ kan àkọ́kọ́ máa ń lọ. Bó bá dára, á buwọ́ lu ìwé funfun. Bí àbùkù bá wà níbẹ̀, á buwọ́ lu ìwé pupa, ẹ̀rọ kankan kò sì ní yí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi jowú àga yẹn, n kò ní purọ́.

Nora kò fẹ́ràn orin tó bẹ́ẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló máa ń kọ, èmi náà sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin yẹn. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bàjẹ́ ṣáájú ogun Hitler, kò sì sẹ́ni tó gbà pé ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, a máa ń dúró kí agogo ńlá gbọ̀ngán ìlú lu mẹ́wàá, lára ohùn agogo yẹn la sì ti ń mú ohùn orin àkọ́kọ́. Bí agogo bá pẹ́, Ọlọ́run náà á dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Nora nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn lẹ́nu agogo náà.

Ní ọdún 1978, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan nílùú wa dá ẹgbẹ́ orin aláriwo tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹkì sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Gọ́tà Dídí. Irun wọn dúró ṣánṣán, aṣọ wọn ya, pín-ìnnì ni wọ́n sì fi so ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú wà nílé ìyá wọn. Clive Duxbury, tí ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ló ń lu ìlù. Yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja díndín ni wọ́n ti gba orin wọn sílẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré, ní ọ̀kánkán agogo gbọ̀ngán ìlú. Ooru mú, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n pe àwo náà ní Ẹ Kò Pè Wá.

Nora gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbọ́, ó wá ṣẹ́wọ́ sí mi. Mo wọlé, mo gbé ẹ̀rọ bo etí. Ariwo lásán ni, bí ìgbà tí ìkòkò ń yí bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ní ìparí orin kẹrin, agogo gbọ̀ngán ìlú lu mẹ́ta.

"Mavis, ṣé agogo wa nìyẹn?" ni Nora bi mí.

Kì í ṣe ohùn agogo wa. Mo gbọ́ ọ kedere. Ohùn rẹ̀ ti ga ju ti agogo wa lọ. Mo ní agogo ni agogo ń jẹ́, mo sì padà sídìí tábìlì mi.

Nora kọ ọ́ sínú ìwé pupa pé: "Ó ń sáré jù. Irọ́ ni agogo yìí." Ọ̀gá wa, Pilling, ránṣẹ́ pe àwọn Gọ́tà Dídí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èyí tó ń kọrin ní kí màmá má bínú, pé eré sísá gan-an ni iṣẹ́ wọn. Clive kò rẹ́rìn-ín, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Pilling bi mí bóyá èmi náà gbọ́ àbùkù kankan, nítorí ó mọ̀ pé akọrin ni mí. Mo ní rárá o. Ó ní etí Nora ti ń darúgbó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ìwé funfun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Nora ti wà nídìí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró. Àbúrò ìyàwó Pilling ló bọ́ sórí àga, ọkùnrin tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín dùùrù àti ilẹ̀kùn. Inú mi dùn fún bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, kò sì tíì yéé tì mí.

Àwo náà wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìwé ìròyìn kan ní London kọ ọ́ pé ọwọ́ ènìyàn kò lu ìlù bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọ̀dọ́ láti Leeds títí dé Japan ń fi ọrùn ọwọ́ rọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti lù ú bí Clive. Gọ́tà Dídí fúnra wọn kò lè sáré bá àwo ara wọn. Bí wọ́n bá ti dé orin kẹta lórí ìtàgé, Clive á ti máa bì sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì péré, wọ́n tú ká.

Èmi àti Nora la ń ki àwo náà sínú páálí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìdúró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí agogo bá ti lu mẹ́wàá, ẹnì kan á sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Nora, ṣé ti òní péye?" Nora á gba ohùn lẹ́nu agogo, á sì bẹ̀rẹ̀ orin. Kò padà sínú yàrá onígíláàsì náà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti ìlú wa gba ọdún márùndínlógójì. Ó ní láti jẹ́ pé orúnkún ń dun òtítọ́ tiwa. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, èmi àti Nora ń mu tíì nílé rẹ̀ nígbà tí Clive Duxbury kan ilẹ̀kùn. Orí rẹ̀ ti pá, ó sì fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Nora ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Clive jókòó, ó sì tú àṣírí. Ó ní rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin sílẹ̀ já lọ́jọ́ náà, ni ìyá òun bá tú rọ́bà ìdí pátá rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi rọ́pò. Rọ́bà yẹn dẹ̀, ẹ̀rọ ń falẹ̀ bó ṣe ń gba orin sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ tó péye, gbogbo orin ń sáré.

"Ọjọ́ tí ẹ pè wá yẹn ni mo ti mọ̀, Màmá," ló wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ara mi, mo dára gan-an ni."

Ó ní wọ́n fẹ́ tún àwo náà tẹ̀, wọ́n sì ti dín eré rẹ̀ kù bó ṣe yẹ. Ó mú un dání, pẹ̀lú ìwé funfun kan àti ìwé pupa kan tó wá kiri títí tó fi rí. Ó ní bí Nora kò bá buwọ́ lù ú, òun kò ní gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

A gbé e sórí ẹ̀rọ. Ní ìparí orin kẹrin, agogo lu mẹ́ta.

"Agogo wa nìyẹn," ni mo wí kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. "Mo gbọ́ ọ nígbà yẹn náà, Nora. Mo purọ́ mọ́ ẹ."

"Mo mọ̀," ni Nora wí. "Bu tíì sí i fún Clive."

Ó gbọ́ àwo náà dé ìparí, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bó ti máa ń ṣe nínú yàrá onígíláàsì. Gbogbo nǹkan ló hàn kedere báyìí: ọ̀dọ́ mẹ́rin tó ti rẹ̀, nínú yàrá tó ń gbóná, lókè ẹja díndín. Nígbà tó parí, omi ti dé ojú Nora.

"Agogo péye," ló wí. "Orin ò dáa. Ti tẹ́lẹ̀ ló dáa."

Clive ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé irọ́ ni?"

"Irọ́ náà ni. Ó sì dùn mí." Ó na ọwọ́ gba bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pupa fún àwo tuntun tó sọ pé òun jàre. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé funfun mọ́ra, ó sì rọra buwọ́ lù ú fún èyí tó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀.