Ẹ̀gbà Ọrùn Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ògiri

Igi ahùn ni mo fi gbẹ́ ẹ̀gbà ọrùn náà fún ìyàwó mi, ní Bantè, ìlú wa. Ó fẹ̀ débi pé ó bo èjìká méjèèjì. Èjìká òsì ìyàwó mi rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, nítorí náà mo jẹ́ kí apá òsì nípọn nísàlẹ̀. Bó bá wọ̀ ọ́, èjìká a dọ́gba, ẹyẹ méjì tí mo gbẹ́ sí i a sì kọjú sí ara wọn. Láìsí ọrùn nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ń ṣa iṣẹ́ ọwọ́ jọ fún ìpàtẹ kan ní Savalou. Mo yá wọn ní ẹ̀gbà náà. Wọ́n ṣèlérí pé wọn yóò dá a padà. Ìgbà òjò méjì kọjá, n kò rí i.

Mo wọkọ̀ lọ sí Savalou. Orí ìṣó ni mo ti bá a, lára ògiri biró, ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ náà, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé pélébé wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé. Mo rọra kà á: A-no-ni-mu. Inú bí mi. Olè náà tún kọ orúkọ ara rẹ̀!

"Níbo ni Anonimu ń gbé?" ni mo bi akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀. "Ẹ pè é wá, kó sọ ọ́ lójú mi pé òun ló gbẹ́ ẹ."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó fi èdè Mahi pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́.

"Kámárádì bàbá, Anonimu kì í ṣe ènìyàn. A ò mọ ẹni tó ṣe é ni wọ́n ń wí," ni akọ̀wé dáhùn.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Èmi rèé!"

"Ẹ káàbọ̀ o, Mùsíyé Anonimu!" ni ẹnìkejì wí.

Mo gbé e kúrò lórí ìṣó, mo fi kọ́rùn láti fi hàn wọ́n. Ó yẹ̀ sí apá kan.

"Kò tilẹ̀ bá yín mu," ni akọ̀wé wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn búburú. "Ẹ mú ẹnìkan péré wá tó rí yín nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ẹ, kó fọwọ́ síwèé."

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń gbẹ́ ẹ. Ìyàwó mi nìkan ló rí mi, nítorí ara rẹ̀ ni mo ti ń wọ̀n ọ́n wò. A kò bímọ.

Akọ̀wé mẹ́ta ti jókòó sí biró náà láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbà náà ṣì wà lórí ìṣó. Mo ti ro ẹjọ́ náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.