Ikúmápàyí Mẹ́ta Gééré

Ní àdúgbò Pedro, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Ikúmápàyí, tó ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò ilé, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ sọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n sunkún rẹ̀ nígbà tí kò tíì kú. Nojeem akọ̀wé ló fẹ́ ra kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà fún pálọ̀ ilé tuntun tó kọ́ sí Abúlé Òkúta. Ikúmápàyí kì í sì í gé kápẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò bá tíì dé ilé rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó na gbalaja sílẹ̀, ó dijú kó má baà ṣì í kà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sókè orí, ó sún síwájú, ó tún dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Sàwúdátù, ìyàwó Nojeem, ru omi wọlé. Garawa bọ́ lórí rẹ̀.

“Yéè! Mo gbé o! Bàbá oníkápẹ́ẹ̀tì ti kú sílé wa!”

Àdúgbò pé lé wọn lórí. Ikúmápàyí ò mira.

“Ìyá Táwà, ẹ rọra sunkún,” ni ó wí fún Sàwúdátù. “Mo ti ka méjì, ó ku ẹyọ kan.”

Pálọ̀ náà jẹ́ Ikúmápàyí mẹ́ta gééré. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà tán, ó ní, “Kò lé, kò dín,” bí ó ṣe máa ń wí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pa Sabina, ìyàwó Ikúmápàyí, lẹ́rìn-ín. Lọ́dún wọ̀nyẹn, ilé ń yọ bí olú, gbogbo onílé ló ń wá agádágodo, ọ̀dà àti abọ́ tánganran. Wọ́n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá onídígí kan sí òpópónà Bajulaiye, téèpù ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níbẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Ẹ̀rù ba Sabina pé ṣọ́ọ̀bù tiwọn yóò kógbá sílé. Ó ra téèpù fún ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ezekiel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo èyí. Wọ́n ní àgbà tó ń yí nílẹ̀ kò mọṣẹ́.”

“Ṣé mo ti gé kù rí?”

“Ẹ ò gé kù rí.”

“Téèpù ò ní kan iṣẹ́ mi, kò sì ní kan ara mi láéláé.” Ó fi téèpù náà di agolo ọ̀dà.

Nígbà tó yá, Nojeem pàápàá gba Bajulaiye lọ ra kápẹ́ẹ̀tì yàrá. Wọn kì í dé ilé oníbàárà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi okùn wọn yàrá sílẹ̀. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gé lára okùn náà so ewúrẹ́. Kápẹ́ẹ̀tì kò dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣí fìlà níwájú Ikúmápàyí.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sùn sílé wa.”

Ìtàn yẹn ló dá àwọn oníbàárà padà.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú Ikúmápàyí lọ, ní ọdún 1958. Nígbà tí káfíńtà fa téèpù yọ, Sabina dí ẹnu ọ̀nà.

“Kò ní kàn án. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀.”

“Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ gígùn pósí?”

Nojeem dìde. “Wá wọn pálọ̀ mi, kí o pín in sí mẹ́ta.”

Ẹ̀rín sọ láàárín ẹkún. Káfíńtà fẹ́ fi ìka mẹ́rin kún un, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n Sabina kọ̀. Ó mọ̀ pé gbogbo Pedro ló ń wò bí wọ́n ti gbé pósí náà dé. Bó bá kù, òun ló dójú ti ọkọ òun yẹn.

Wọ́n tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Sabina na ọwọ́ sí òkè orí ọkọ rẹ̀, ó tún wo ẹsẹ̀.

“Kò lé, kò dín,” ni ó wí, ó sì bú sẹ́kún.