Ọjọ́ tí Mo Dá Káàdì Ìlera Wa Padà

Ẹni tó bá mọ kòkó ní Ìdànrè mọ̀ mí. Pírámárì mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n kí n kan mi kóró kòkó lọ́wọ́, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, mo ti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó l'Ówena fi wá mi wá sí Aládé níbi tí mò ń gbé pé kí n wá máa bá àwọn yẹ kòkó wò. Mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ni wọ́n wá mi wá.

Wọ́n ní yàtọ̀ sí owó oṣù, àwọn ló máa san adójútòfò ìlera mi. Ṣáájú ìgbà yẹn, owó ara mi ni mo fi ń san ti ìjọba fún èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń ra àìsàn sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwa oníkòkó, tí o bá fẹ́ fi ẹni tí ò ń ta kòkó fún sílẹ̀, wàá kọ́kọ́ kó àpò tó fún ọ láti máa di kòkó sí padà fún un, wàá dúpẹ́, kó tó di pé o gba àpò ẹlòmíì. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́nu méjì là ń pè é. Nítorí náà, láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kó káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ fún obìnrin tó ń bójú tó adójútòfò nílé ìwòsàn wa.

"Àǹtí, ẹ ṣeun o. Ilé-iṣẹ́ ńlá ti gbà mí. Ẹ gba káàdì yín."

"Bàbá, a kì í dá a padà o."

"Ti ẹlòmíì nìyẹn. Èmi kì í jẹ níhìn-ín kí n tún jẹ lọ́hùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ wọ́n sínú dúrọ́ọ̀. Mo yan jáde.

Nígbà tí mo dé Owena, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà gbé fọ́ọ̀mù síwájú, mo ń ka orúkọ, ó ń kọ ọ́. Bí mo ṣe kan ìyá mi, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyàwó kan àti ọmọ ni, sà. Kò sí ààyè fún ìyá níbẹ̀."

"Ìyá tó bí mi?"

"Kódà kó jẹ́ àwọn ló bí ọ̀gá wa, sà."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Funfun ti bo ẹyinjú wọn, ohùn ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀. Káàdì tí mo fi ẹ̀yẹ dá padà yẹn la sì gbójú lé.

Mo gun ọ̀kadà padà sílé ìwòsàn kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Obìnrin yẹn wò mí.

"Ṣé wọ́n ti lé yín ni?"

"Ta ló máa lé mi? Ìyá mi ni. Àǹtí, ẹ dákun."

Èmi tí kì í bẹ̀bẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, káàdì lẹ dá padà, orúkọ wọn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Owó tí ẹ san fún Màmá á gbé wọn parí ọdún. Tó bá yá, ẹ máa san tiwọn nìkan."

Tiwọn nìkan! Kí nìyẹn jẹ́ lójú irú èmi? Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé títí ayé ni màá máa san án. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í gba irú ìyẹn.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Nígbà tí dókítà tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ìyá mi, Màmá wò mí títí.

"Ìwọ nìyí? Ikùn rẹ mà ti yọ!"

"Màmá, ikùn olówó oṣù ni."

Nígbà tó ṣe díẹ̀ tí a ti délé, Màmá gba àtẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń ju nǹkan síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, òkúta lẹ ti ń fi bọ́ mi láti ọjọ́ yìí!"

Ìyàwó mi wò mí bíi pé kí n bá a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ sókè sí i, kí gbogbo àdúgbò gbọ́.