Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ní Kí Bàbá Mi Dín Oúnjẹ Kù

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ odó fi ga jù mí lọ, imú ni a fi ń mọ aago ní àdúgbò wa ní Ifákọ̀. Bí òórùn búrẹ́dì bá ti gba ọ̀nà Agége dé, ilẹ̀ ti ń mọ́ nìyẹn, màmá mi á sì ti wà nídìí sítóòfù kẹrosíìnì. Bí òórùn bisikíìtì bá fẹ́ wá láti ilé iṣẹ́ kan tó wà lọ́nà Ọ̀gbà, ọ̀sán ti pọ́n. Bó bá wá di pé òórùn ọṣẹ àti ti rọ́bà dà pọ̀ mọ́ra wọn, tí ó ń ta èèyàn nímú bí ata, àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì fọ abọ́ àárọ̀, kí ó yáa sáré. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí agbègbè yẹn, ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé èrè ìjọba tiwa-n-tiwa ń bọ̀ lọ́nà. Ibi tí èmi ti kọ́kọ́ rí i ni ikùn bàbá mi. Ikùn náà kò yọ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ, bí ilé tí èèyàn ń fi owó oṣù kọ́, títí ó fi di ọjọ́ kan tí bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń nà wá kò lè yí wọn ká mọ́. Inú èmi àti Kúnlé àbúrò mi dùn, a rò pé wọ́n á jù ú nù. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wá kù fún un láti máa ṣe.

Ọmọ Èkìtì ni bàbá mi. Lọ́rì ńlá tó ń kó bisikíìtì ilé iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀gbà yẹn káàkiri ni wọ́n ń wà, wọ́n sì fẹ́ràn lọ́rì náà débi pé màmá mi máa ń pè é ní ìyálé àwọn. Bí wọ́n bá ń kọjá ní títì nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ hóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: fáàn, fáàààn! Bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó ń ṣeré tẹ́ń-tẹ̀ń níta á sáré wọlé, omi á gorí iná, iṣu á bọ́ sínú ìkòkò, nítorí iyán ti di dandan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni màmá mi ní tiwọn, akọ̀wé sì ni wọ́n ní sẹkitéríàtì ní Aláùsá. Wọ́n á jí kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á di oúnjẹ ọ̀sán sínú fúláàsì, wọ́n á ti gé ẹ̀fọ́ alẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó sáré jáde. Ọjọ́ Sátidé la máa ń se ọbẹ̀ ata tó máa gbé wa dé àárín ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ń gbé ata lọ sídìí ẹ̀rọ, tí mo ń fi ojú pípọ́n padà wálé. Obìnrin tí kò ráyè mí yìí ló wá fẹ́ ọkùnrin tó gbà pé oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ náà sí wa létí nídìí odó: “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.” Àwọn ẹlòmíì ń pa á lówe; ìyá àgbà ń sọ ọ́ bí òfin. Bàbá mi á jẹ ìrẹsì kún àwo, wọ́n á fi ẹ̀wà àti dòdò lé e, wọ́n á mumi sí i, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wá yíjú sí màmá mi.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, kí la fẹ́ jẹ lónìí?”

“Kí lẹ wá jẹ tán yìí, Bàbá Bọ́sẹ̀?”

“Mo kàn fi panu ni.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí ilé iṣẹ́ fi mú ọ̀dọ́mọbìnrin nọ́ọ̀sì kan wá láti yẹ ara àwọn awakọ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ń ru, òṣùwọ̀n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù. Ó ní bí òun bá padà wá nígbà ọyẹ́ tí nǹkan kò yí padà, òun ò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n máa wa ọkọ̀ ńlá mọ́. Ẹnu géètì ni wọ́n á máa jókòó sí, tí wọ́n á máa ṣí i fún àwọn tó ń wa ọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà, a ò gbọ́ hóònù. A kàn rí bàbá mi tí wọ́n wọlé, tí wọ́n dúró sáàárín pálọ̀.

“Láti òní lọ,” ni wọ́n wí, ohùn wọn sì wúwo bí ti ẹni tó ń pín ogún, “mo ti dín oúnjẹ kù.”

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n gbé odó lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi àpò bò ó lójú bí òkú. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni a ó máa gún iyán. Ní tèmi, ijó ni mo jó dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí èmi ni wọ́n ń fi gún un.

Bàbá mi pa àdéhùn náà mọ́ bí ẹni ń gbààwẹ̀. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí màmá mi bá ti jáde, wọ́n á jẹ odidi búrẹ́dì Agége kan pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn. Lọ́sàn-án, ìrẹsì. Bí oòrùn bá rọ̀, gàárì tútù àti ẹ̀pà. Lálẹ́, iṣu sísè ni tàbí dùndún. Iṣu tí ọmọ odó kò bá ti kàn lórí, kò tíì di oúnjẹ. Láàárín gbogbo rẹ̀, bisikíìtì fífọ́ tí ilé iṣẹ́ ń há fún wọn. Bí àlejò bá dé, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, “Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mi ò tíì jẹun.” Àlejò á ní pẹ̀lẹ́. Bàbá mi á nawọ́ sí àwo ẹ̀pà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ara wọn di olùkọ́ nípa ìlera. Wọ́n á dá lánlọ́ọ̀dù wa dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ dín oúnjẹ kù, Alàgbà. Èmi ni kí ẹ wò.” Lánlọ́ọ̀dù á wo ikùn tó ṣáájú olùkọ́ náà jáde nílé, wọ́n á ní, “Àmín.”

Màmá mi rí i pé ikùn kò lọ síbì kan, wọ́n sì rò pé ọbẹ̀ àwọn ló ń fà á. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé ìlera nínú ìwé ìròyìn ní ọ́fíìsì. Ojú wa rí nǹkan! Ẹ̀fọ́ tí kò mọ epo, ẹja tí kò mọ iyọ̀, kábéèjì bíbọ̀ nínú fúláàsì tí a ń gbé lọ sílé ìwé. Bí mo bá ti ṣí tèmi, gbogbo kíláàsì á máa béèrè ẹni tó só. Kúnlé da tirẹ̀ sínú gọ́tà, àwọn adìyẹ lánlọ́ọ̀dù sì tú u síta, wọ́n wò ó, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kí màmá mi lè bá a. Kúnlé kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè títí òórùn ọṣẹ fi dé. Nígbà tó tún yá, màmá mi ra ìyẹ̀fun wíìtì, wọ́n rò ó nínú omi gbígbóná, wọ́n gbé e síwájú bàbá mi. Bàbá mi gé òkèlè kan, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, búrẹ́dì tí wọn ò tíì yan rèé.”

“Oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́.”

“Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ṣé o ti gbàgbé pé mo ti dín oúnjẹ kù?”

Ọyẹ́ dé, ètè wa ń bó. Màmá mi gbàyè jáde níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n tẹ̀lé bàbá mi lọ bá nọ́ọ̀sì, wọ́n sì mú èmi dání nítorí a ti gba ìsinmi. Nínú ọgbà ilé iṣẹ́, bàbá mi fọwọ́ pa lọ́rì náà lára bí a ṣe ń kọjá, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ tó ń lọ sọ́nà jíjìn lórí. Wọ́n gun òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ sáré kọjá ibi tó dé lọ́jọ́sí.

“Bàbá, ẹ ò dín oúnjẹ kù,” ni nọ́ọ̀sì wí.

“Èmi? Ẹ bi ìyàwó mi. Láti ọjọ́ Ìsinmi, mi ò fi oúnjẹ kan ẹnu.”

“Òótọ́ ni wọ́n sọ, nọ́ọ̀sì,” ni màmá mi wí, omi sì ti ń lé ròrò lójú wọn. “Abẹ́ àtẹ̀gùn ni odó wà.”

Nọ́ọ̀sì ò mọ ohun tí odó ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, kí ni dádì jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Wọn ò jẹ nǹkan kan, mà,” ni mo dáhùn. “Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni.”

“Ẹ gbọ́ ọ bí!” ni bàbá mi wí. “Ọmọdé kì í purọ́.”

Màmá mi rọra yíjú padà. “Búrẹ́dì wo?”

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. “Bàbá, ọmọ ibo ni yín?”

“Ìkọ̀lé-Èkìtì.”

Ó fọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. “Ìjerò lèmi náà,” ló wí nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀. “Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n ti béèrè tẹ́lẹ̀.”

Ó ṣe òfin tuntun lójú ẹsẹ̀: ohunkóhun tó bá ti gba ọ̀fun kọjá, oúnjẹ ni. Kí bàbá mi pa gbogbo ìpápánu tì, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí epo kéré. Ó mọ̀ pé òun ò lè gba iyán lọ́wọ́ wọn pátápátá, ó ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. “Àmọ́ kó má ju ìkúùkù yín lọ, Bàbá.” Ó ní òun á padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni òun á wá sọ bóyá lọ́rì ni tàbí géètì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, odó jáde. Mo gún iyán tán, bàbá mi sì ní kí gbogbo wa di ìkúùkù wa sórí tábìlì.

“Gbogbo wa kẹ̀?” ni màmá mi béèrè.

“‘Ìkúùkù yín’ ni nọ́ọ̀sì wí. Kò ní ‘ìkúùkù rẹ’. Àwa márààrún ló bá wí.”

“Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni! Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ kékeré máa pè yín ní ‘ìwọ’?”

“Ọ̀rọ̀ ìlera là ń sọ, Ìyá Bọ́sẹ̀. Kí ni tọ̀wọ̀ níbẹ̀?”

Ìkúùkù bàbá mi nìkan gan-an tó orí ọmọ tuntun, látàrí ọdún tí wọ́n ti fi ń di sitiárì lọ́rì mú. Bàbá àti màmá mi yíjú sí ìyá àgbà. Ojú bàbá mi ti ń dán, nítorí ta ló tún máa gbèjà iyán bí kò ṣe ẹni tó fi iyán wò wọ́n dàgbà? Ìyá àgbà wo iyán, tí wọ́n ń pè ní uyán ní tiwọn. Wọ́n wo ikùn ọmọ wọn.

“Ọwọ́ ẹni tó gún uyán ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n,” ni wọ́n wí. “N kò wá sí Èkó wá sin ọmọ.”

Ọwọ́ èmi nìyẹn, èmi tí ọmọ odó ga jù lọ.

Láti ọjọ́ náà ni agbára ti dé ọwọ́ mi. Kí bàbá mi tó jẹun, mo gbọ́dọ̀ gbé ìkúùkù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán wọn, màmá mi á sì gé èyí tó bá lé kúrò. “Bọ́sẹ̀ mi,” ni bàbá mi á wí jẹ́jẹ́, “má fún un pọ̀ jù. Dì í bí ẹni tára ẹ̀ balẹ̀.” Wọ́n á wá mú ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ wọn, wọ́n á fi sínú tèmi. “Jẹun dáadáa o, kí ọwọ́ rẹ lè tóbi.” Búrẹ́dì kò dùn wọ́n rárá láti fi sílẹ̀, wọ́n ṣáà ti mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Kábéèjì bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ gidi padà wálé, pẹ̀lú epo díẹ̀ àti irú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì padà wá, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ṣeré. Òórùn bisikíìtì wá, ó lọ. Òórùn ọṣẹ dé, ti rọ́bà tẹ̀ lé e. Màmá mi ń já ẹ̀fọ́ kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Aláùsá. Ìgbà tó yá, láti ọ̀nà títì: fáàn, fáàààn!

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìyálé mi ti dé,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé omi kaná.”

Lóde òní, Ìkẹjà ni mò ń gbé. Ilé ìjọsìn ni wọ́n fi ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn ṣe báyìí, imú ò sì wúlò fún mímọ aago mọ́; fóònù ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí n mumi fún mi, bíi pé òǹgbẹ ò mọ ọ̀nà ilé mi. Fóònù kan náà ni mo fi ń pe oúnjẹ, ọlọ́kadà á sì gbé e dé kí n tó rántí ibi tí ìkòkò wà. Lọ́jọ́sí, dókítà bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀. Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìpékeré méjì ni mo jẹ sínú ọkọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ń pe tiwọn ní ìpápánu, èmi tí mo lọ yunifásítì ń pe tèmi ní sínáàkì. Ikùn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá mi wa lọ́rì wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Orí wọn ti funfun báyìí, ara wọn sì yá ju tèmi lọ. Bí wọ́n bá wá kí wa lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń gún iyán fún wọn, mo sì gbọ́dọ̀ gbé ìkúùkù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́. Wọ́n á wo iyán, wọ́n á wo ọwọ́ mi, wọ́n á mi orí.

“Gbogbo ẹran tí mo kó fún ọ yẹn,” ni wọ́n á wí, “ibo ló gbà lọ?”

Mo kàn máa ń rọra fa bùbá mi bo ibi tó gbà lọ.