Bùràímọ̀ Ìyàndá Kò Kú Ikú Ọtí

Bùràímọ̀ Ìyàndá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, nínú ilé búrẹ́dì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè ní Ẹdẹ wa yìí. Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìyẹ̀fun ni wọ́n ti bá a. Ó fi apá rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, bí ẹni tí ó kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó ga, ìlú ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán. Wọ́n ní ó mu ọtí kú. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sọ pé irọ́ ni.

Mo mọ̀ pé bí ìwé ìròyìn yìí bá dé Ẹdẹ, àwọn kan yóò máa tọ́ka sí mi láti ẹ̀yìn bí mo bá ń kọjá. Wọn yóò ní kí ló kan arúgbó tí kò lọ sí ilé ìwé kankan, tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ á, bí, dí, nínú ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn. Wọn yóò bi ara wọn léèrè ohun tí ó wà láàárín èmi àti opó olóògbé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù bà mí, n kò ní purọ́. Ìgbà púpọ̀ ni mo ti gbé kálàmù yìí sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ nípa òkú yìí burú ju ohunkóhun tí wọ́n lè sọ nípa mi lọ, òkú kò sì lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹmu ni wọ́n ń dà sí ìyẹ̀fun kí ó tó lè wú. Ẹni tí ó bá ń pò ó, apá rẹ̀ yóò wọ inú ẹmu títí dé ìgúnpá. Òórùn rẹ̀ yóò wọ aṣọ, yóò wọ irun orí, kò sì sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Iṣẹ́ tí Bùràímọ̀ ń ṣe fún Ọ̀gbẹ́ni Jacob nìyẹn, láti ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni náà ti gbé òwò búrẹ́dì wá láti Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni Bùràímọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fi ọtí kan ẹnu rí.

Ilé mi kò jìnnà sí ilé búrẹ́dì náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni ó ń fi bùbá àti fìlà tí ó fi ń kírun Jímọ̀ kọ́ sí, kí òórùn ẹmu má baà bá a wọ mọ́ṣáláṣí. Bí ó bá ti odò Ọ̀ṣun dé, ara rẹ̀ á máa dán, á dúró níwájú mi.

"Ẹ gbóòórùn mi wò, Bàbá Oníwèé."

"Mo gbọ́ òórùn ọṣẹ."

"Ọṣẹ nìkan?"

"Ọṣẹ, àti ẹmu díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ha! Imú yín yìí ti lágbára jù fún àgbàlagbà. Ó dáa, mo tún ń padà sódò."

Mo rò pé eré ni nígbà àkọ́kọ́. Ó padà sódò lóòótọ́. Ẹni tí ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lè dúró níwájú Ọlọ́run ni ẹ ń pè ní ọ̀mùtí!

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo yàrá tí ó kú sí. Fèrèsé wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wolé-wolé kan tí n kò ní dárúkọ yà síbẹ̀, ó rí eṣinṣin. Ó ní eṣinṣin kò gbọdọ̀ bà lé búrẹ́dì tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ń rà jẹ. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n dípò kí Jacob ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú fèrèsé, pákó ni ó kàn mọ́ ọn. Wolé-wolé padà wá, ó wo pákó, ó fi ọwọ́ kàn án, ó ní ilé náà mọ́. Ó yin Jacob níwájú àwọn oníbàárà. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ń tẹ orí bọ ìkòkò omi wa, tí ó ń mú àwọn ìyá arúgbó lọ sí kóòtù nítorí tanwíjí. Ojú tí ó rí tanwíjí nísàlẹ̀ ìkòkò, kí ló dé tí kò rí àwọn ènìyàn tí ó ń mí nínú ilé tí kò ní afẹ́fẹ́? Tàbí ènìyàn kò sí nínú ohun tí wọ́n rán an wá yẹ̀ wò?

Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ dé. Ìyẹ̀fun kì í wú bí òtútù bá mú. Jacob bá pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìkòkò èédú tí ń jó sí àárín yàrá, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, kí ooru má baà jáde. Èédú tí ó ń jó nínú yàrá tí a dí pa kì í rú èéfín tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ó ń mú orí fọ́, ó ń mú òòyì kọ́ni, ó ń gba agbára kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì ń pani sójú oorun. Inú ìwé ni mo ti kà á. Bí ẹ kò bá gba ìwé gbọ́, ẹ lọ wo àwọn àgbẹ̀dẹ wa, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ọ̀kan tí a mọ ògiri yí ká.

Bùràímọ̀ kò dákẹ́. Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan tí mo lọ ra búrẹ́dì, tí ó jáde wá, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó di òpó mú.

Jacob rí i. "Ìyàndá! O tún ti bu nínú ẹmu ìyẹ̀fun mu!"

"Ọ̀gá, orí ló ń fọ́ mi. Ẹ bá wa yọ pákó kan péré."

"Kí eṣinṣin wọlé, kí wolé-wolé wá mú mi? Ẹ wo ojú rẹ̀! Ìmàle tó ń mumi, tómi ń pa!"

Àwọn tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bùràímọ̀ náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì bì sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ọ̀mùtí ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá? Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń bì, òórùn ẹmu sì wà lára rẹ̀. Gbogbo ìlú fi imú ṣe adájọ́.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ náà, Fátókun, ará Alájùẹ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, jáde lọ la igi. Nígbà tí ó wọlé padà, ó pe Bùràímọ̀, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó wọ́ ọ jáde. Kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ ti ń pòòyì. Adìẹ ìyàwó Jacob kan ń sàba ní igun yàrá náà. Òun náà ti kú lórí ẹyin rẹ̀. Fátókun gbé e síta, ó fi hàn wọ́n, kò sí ẹni tí ó kà á sí. Jacob ti ń ké pé, "Mo ti kìlọ̀ fún un! Gbogbo yín lẹ gbọ́!" Èmi ń béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Jacob: ta ló fún adìẹ náà ní ẹmu mu?

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ní kí àlùfáà má kírun sí i lára. Mo gbé bùbá àti fìlà rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ síbẹ̀.

Àlùfáà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, òórùn ọtí ń bẹ lára ọmọ yìí."

Mo ní, "Apá rẹ̀ ló wà, Àlùfáà. Ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀."

Ẹni tí ó ń wẹ òkú ni ó tẹríba. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀." Ó ṣí ètè náà, inú rẹ̀ pupa bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le, àmì tí ìwé mi ní èédú ń fi sára ẹni tí ó bá pa. Àlùfáà kírun sí i lára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò kún ìlà kan. Àwọn yòókù ti lọ sílé lọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Jacob fi apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ránṣẹ́ sí ilé òkú. Sìmbíátù, ìyàwó olóògbé, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kejì ó lọ pọn omi, obìnrin kan sì ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ọlọ́tí kọ́kọ́ pọn, òùngbẹ wà nílé wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sìmbíátù gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ń sùn tì í. Ta ni nínú yín tó sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù mí lọ?" Ó pọn omi rẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ irú èsì bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀mùtí sì ni orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n.

Ó yẹ kí n lè sọ pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Lónìí tí mo ń kọ̀wé yìí, pákó ṣì wà lójú fèrèsé, ìkòkò èédú ṣì ń jó, ọyẹ́ kò tíì lọ. Fátókun ni ó wà nídìí ọpọ́n báyìí. Mo lọ bá a.

"Fátókun, kí lo tún ń wá níbẹ̀?"

"Bàbá, oko ò mú nǹkan wá lọ́dún yìí. Bí orí bá ti ń fọ́ mi, mo máa ń yọjú síta."

"Bí oorun bá ṣáájú orí fífọ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má gbé òun ṣépè. Ó wọlé padà, ó sì ti ilẹ̀kùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ wí. Ara aṣọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn ẹmu bí ó ṣe kọjá lára mi. Bí òun náà bá ṣubú lọ́la, ṣé a ti mọ ohun tí a ó wí?

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin àgbà ìjọ tí Jacob ń jókòó láàárín yín, ẹ̀yin àlùfáà wa, èwo nínú yín ni yóò lọ sí ilé búrẹ́dì náà kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú? Kí wolé-wolé tí ó yin pákó padà wá, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Kí wọ́n gbé ìkòkò èédú síta. Kí Jacob dúró níwájú mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sọ ohun tí ó pa òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí Sìmbíátù àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́, kí àwọn tí ó rẹ́rìn-ín náà gbọ́.

Bí ó bá sì ní kì í ṣe yàrá náà, kò burú. Kí ó gbé àga rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó jókòó ti èédú náà títí ìyẹ̀fun yóò fi wú. Àwa yóò dúró síta. N kò fẹ́ kí ó kú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó sáré jáde, kí a lè bi í, níwájú gbogbo ènìyàn, pé kí ni ó lé e.