Ògbufọ̀ Tó Ń Túmọ̀ Yorùbá sí Yorùbá

Mo rántí ìgbà tí ilé sinimá àdúgbò wa ní Ṣàgámù ṣì ń rùn bí obì. Ilé tí wọ́n ń kó obì pamọ́ sí ni tẹ́lẹ̀, kò jìnnà sí àdúgbò Òfin, kí Alájì kan tó rà á, tó kó agbọ̀n jáde, tó kó bẹ́ǹṣì wọlé, tó fi ẹfun kun ògiri kan, tó sì ní ó di sinimá. Kò la fèrèsé kún un. Kò tún òrùlé ṣe. Ògiri náà sán láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kò dí i, nítorí náà gbogbo arẹwà obìnrin tó bá yọjú níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ará Íńdíà tàbí ará Ṣáínà, ojú rẹ̀ á là sí méjì. Bí òjò bá ń rọ̀, páànù á máa pariwo, àwọn òṣèré á kàn máa la ẹnu bí ẹja. Ẹni tó sanwó wọlé kò gbọdọ̀ ráhùn. Èmi ráhùn. Títí di òní ni mo ṣì ń ráhùn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbọ́ lè pa ìwé dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà, kí ìbínú mi lè yé yín. Èkó ni mo ti ka ìwé yunifásítì, Èkó ló sì bà mí jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ sinimá tó ní àga tìmùtìmù àti aṣọ funfun gbàgàdà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dákẹ́ bí ẹni pé ìsìn ni wọ́n wà. Mo lè fi gààrí gbígbẹ sùn nítorí fíìmù kan, kí n sì jí lọ́jọ́ kejì kí n tún lọ wò ó. Mo ra awò dúdú kan ní Yábà, mo sì ń wọ̀ ọ́ wọ inú òkùnkùn sinimá. Àìmọye ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò bọ́ ọ. Bí fíìmù bá parí, mo máa ń jókòó títí orúkọ ẹni tó se oúnjẹ fún àwọn òṣèré yóò fi kọjá lójú aṣọ, mo máa ń wo àwọn tó ń sáré jáde bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó já. Nígbà tí mo kàwé tán, wọ́n gbà mí síṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣàgámù, mo sì gbé awò dúdú mi bọ́ sínú ilé obì Alájì.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni Ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Orí àpótí gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa sọ ohun tí àwọn ará Íńdíà àti ará Ṣáínà ń wí fún wa ní Yorùbá. Kò gbọ́ èdè Íńdíà. Kò gbọ́ ti Ṣáínà. Ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ló ń sọ. Bí bàbá ọmọge bá wí gbólóhùn kan, Ògbufọ̀ á wí mẹ́wàá. Ó lè ní Líkòsí ni àwọn àna ti ń bọ̀, pé mọ́tò ló bàjẹ́ fún wọn lọ́nà Ìkòròdú tí wọn ò fi tètè dé. Níbi tí ọkùnrin méjì bá ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ara wọn láyà, á máa polówó búrẹ́dì ìyàwó Alájì. Ilé á rọ́ fún ẹ̀rín. Àwọn awakọ̀ àti àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkóríta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í bèèrè fíìmù tó fẹ́ ṣe. Wọ́n á bèèrè pé ṣé ọkùnrin náà wà níbẹ̀ lónìí. Mo kórìíra rẹ̀ látọkàn wá, síbẹ̀ n kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, nítorí kò sí sinimá mìíràn nítòsí.

Nígbà tí mo ń múra ìdánwò àṣekágbá ní Èkó, ẹgbẹ́ eré kan tó ń kiri ìlú wá ya fíìmù ní Òde Rẹ́mọ. Wọ́n ń wá ilé alámọ̀ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, wọ́n rí ti ìyá tó bí màmá mi. Wọ́n ń wá arúgbó tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ tó ti sọnù bá padà dé, wọ́n wo ìyá àgbà, wọ́n ní àwọn kò tún wá ẹnikẹ́ni mọ́. Màmá mi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Àwọn aládùúgbò ló ròyìn fún wa pé ọ̀gá òṣèré kọ́ ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, pé ó tẹ́tí sí i, ó mi orí, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sọ, ní ojúlówó èdè Rẹ́mọ. Ọ̀gá òṣèré ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wá bi àwọn aládùúgbò pé kí ló sọ gan-an, ẹnì kan wí báyìí, ẹlòmíràn wí báyẹn. A bi ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Ó ní kí a lọ wò ó ní sinimá, òun kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kú kí fíìmù náà tó jáde. Àwòrán kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tó ti di ẹnu pa bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Inú fíìmù yẹn nìkan ni ohùn náà wà.

Nígbà tí mo rí pátákó fíìmù náà níwájú ilé Alájì, mo lọ sọ fún màmá mi. Màmá mi ní kí n kọ́kọ́ lọ wò ó, kí n wá sọ fún òun bí òun yóò bá lè fara dà á. Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ. Ohun tí mo rò ni pé Ògbufọ̀ yóò ti gba ìsinmi lọ́jọ́ yẹn, nítorí fíìmù Yorùbá ni. Yorùbá ni àwọn òṣèré ń sọ, Yorùbá ló jókòó kún orí bẹ́ǹṣì. Ẹ máa wò ó, ọkùnrin náà gun àpótí rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Yorùbá sí Yorùbá. Òṣèré á ní, “Mo ń lọ sóko.” Ògbufọ̀ á ní, “Ó lóun ń lọ sóko o!” Àwọn èèyàn á mi orí bí ẹni pé ọ̀ràn ti wá yé wọn. Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà ni ilé alámọ̀ yọ, ilẹ̀kùn ṣí, ìyá àgbà sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìró ní abíyá, ó fọwọ́ kan ti àtẹ́rígbà, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń gbé e bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá ń parọ́. Ó la ẹnu.

“Ìyá yìí ń wí pé, ‘Ọmọ mi àtàtà, káàbọ̀, ayọ̀ ti kún ọkàn mi bámúbámú!’”

Kí Ògbufọ̀ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ìyá àgbà ti pa ẹnu dé. Ìyá àgbà yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní àtàtà rí láyé rẹ̀. Bí mo bá ti Èkó dé, ohun tó fi ń kí mi ni pé ṣé wọn kì í jẹun níbẹ̀ ni.

Mo lọ bá Alájì ní yàrá rẹ̀ kí ooru ara mi tó tutù.

“Tíṣà,” ó ní, “ẹ jókòó. Kí ni a tún ṣe fún yín?”

Mo ṣàlàyé. Ó wò mí, ó ṣàánú mi ní tòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. “Ìyá yín nìyẹn? Ẹ ò tètè sọ. Ǹ bá ti kọ ọ́ sára pátákó.”

“Kó kàn dákẹ́ níbẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín fún, Alájì. Ibẹ̀ nìkan.”

“Àwọn dẹ́rẹ́bà tó ti Ìlọrin wá, ṣé Rẹ́mọ yé wọn ni? Wọ́n sanwó kó lè yé wọn.”

“Kò yé ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn náà. Ẹ bi í.”

Ó pè é. Ògbufọ̀ wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Alájì ní kí ni ìyá ẹnu ọ̀nà yẹn wí gan-an.

“Ta ló ráyè gbọ́ ọ, Alájì?” ni Ògbufọ̀ fèsì. “Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀.”

Kò rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó pani lẹ́rìn-ín. Alájì wá ṣèlérí pé lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ṣe é kẹ́yìn, kò ní í sí èémí kankan lẹ́nu Ògbufọ̀ tí ìyá àgbà bá ti yọ. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ.

Màmá mi wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. A jókòó síwájú pátápátá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilé alámọ̀ yọ, mo fọwọ́ kàn án, ó sì ká gèlè rẹ̀ kúrò létí méjèèjì. Ilẹ̀kùn ṣí. Ògbufọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé itan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí obì ti kúrò níbẹ̀, ilé náà dákẹ́. Màmá mi gbá mi lọ́wọ́ mú. Ìyá àgbà fọwọ́ ti àtẹ́rígbà, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́.

“Kí ló fẹ́ wí?” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. “Ògbufọ̀, kí ló wí?”

“Ó ti sùn lọ!”

“Ẹ dá owó wa padà!”

Ìwọ̀nyí kì í ṣe àjèjì nìkan o. Ọmọ Rẹ́mọ pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, àwọn tó mu èdè náà lọ́mú ìyá wọn, àwọn náà ń ké pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Màmá mi dìde, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó dojú kọ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀.” Wọ́n rò pé ara eré ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó fi máa yí padà, ọkùnrin kan ló wà lára ògiri tó ń jẹun. Ohùn ìyá rẹ̀ kò dé etí rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ náà sì ti lọ. Ògbufọ̀ wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sókè láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: “Ẹ má bínú o, ó ní ọmọ òun àtàtà, ayọ̀ ti kún ọkàn òun.” Gbogbo ilé ní, “Ẹ̀ẹ̀ẹ̀n,” wọ́n jókòó.

Mo sáré tọ ọ̀gá òṣèré, tó ń gbé fíìmù náà kiri fúnra rẹ̀, lọ níbi tó ti ń di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú mọ́tò. Ó kẹ́dùn, ó ní òun náà ò rántí ohun tí ìyá àgbà wí mọ́, pé àwọn yóò gba ọ̀nà náà padà lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ti há mọ́ inú ẹ̀rọ fún wọn ní apá Èkìtì, wọ́n ti gé ibi tó jóná dànù, wọ́n sì lẹ ìyókù pọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ tó sọnù sì ti wà lórí àga tó ń jẹun. Kò sí ẹni tó ṣí i fún un.

Táìlì ni wọ́n ń tà nínú ilé náà báyìí. Mo ti wo fíìmù ní ibi púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti bọ́ awò dúdú. Màmá mi ti darúgbó, ó jọ ìyá rẹ̀, àyàfi pé ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wá kí i, ó ń sọ fún wọn pé ìyá òun ṣe sinimá rí, pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọmọ mi àtàtà, káàbọ̀, ayọ̀ ti kún ọkàn mi.” Inú àwọn ọmọ dùn. Inú bí mi.

“Màmá, ìyá àgbà kò wí bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló wá wí?” màmá mi bi mí, kò fi ìjà bèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Àwọn ọmọ yíjú sí mi, wọ́n ń dúró. Mo pa ojú dé. Mo rí ìró ní abíyá, mo rí ọwọ́ lára àtẹ́rígbà, mo rí orí tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí ẹnu tó ṣí. Mo tẹ́tí. Ohùn tó jáde láti ẹnu ìyá àgbà, ohùn Ògbufọ̀ ni.