Ààyè Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Gbọ́láhàn

Ilé Màmá Gbọ́láhàn lèèyàn máa kọ́kọ́ kàn kó tó dé tèmi, bó bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìṣẹ́ Èkìtì. Christiana ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí. Gbọ́láhàn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ń gbé ní Kánádà. Ó ti búra níbẹ̀, ó ti di ọmọ wọn. Ó fi fọ́tò ọjọ́ náà ránṣẹ́, ó gbé àsíá wọn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá fi hàn mí.

"Ó mà sanra," ló wí, ó sì dojú fóònù náà délẹ̀.

Daniel ló kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé. Ọmọ Làìbéríà ni. Ogun lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò nílé nígbà tó wà ní kékeré, ìyá náà sì kú sínú àgọ́ tí wọ́n kó wọn sí ní Nàìjíríà níbí. Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn tó ń wá iṣẹ́ oko wá sí Ìṣẹ́, Bàbá Gbọ́láhàn sì gbà á sí oko kòkó rẹ̀. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń sọ èdè Ìṣẹ́ ju àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ. Síbẹ̀, bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, òun ni wọ́n máa ń ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní àbúrò obìnrin kan tó ṣẹ́kù sí Làìbéríà. Kò lè lọ wò ó, torí bó bá jáde, ta ló máa jẹ́ kó wọlé padà?

Màmá ló ní kó di ọmọ Nàìjíríà. Òun ló ń tẹ̀ lé e lọ sí Adó, tó ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ìjọba. Èmi náà bá wọn gbààwẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ó ku ohun kan: àwọn ará ìlú gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé àwọn gbà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá béèrè. Bí ilé tó ń gbé bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Màmá bá pe àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ jọ, ó ní kí èmi náà wá jókòó ti òun. Hàkíìmù tí a ń pè ní Bàbá Táòfíkì, àgbà ilé náà, jókòó láàárín, tẹ̀súbàá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ yèsí la ó pè é? Ọmọ ta ni? Ọmọ ulé yèsí?"

"Ọmọ ulé yìí ni, Bàbá," ni Màmá dáhùn.

Mùtíù, àbúrò ọkọ rẹ̀, pòṣé. "Ẹ ò rí nǹkan! Lónìí, ọmọ ulé. Lọ́la, olóko kòkó."

Daniel gbójú sókè. "Bọ̀dá Mùtíù, ìgbà wo lẹ dé oko náà kẹ́yìn? Bí ẹ bá débẹ̀, àwọn ọ̀bọ ló máa bi yín pé ọmọ yèsí."

A rẹ́rìn-ín títí. Mùtíù náà ò lè mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n Bàbá Táòfíkì ò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ oko kọ́ ni mo fẹ́ bi í. Bó ti wù kí àlejò pẹ́ tó, àlejò ni, àfi bí a bá mọ ibi tí a ó sin ín sí. Daniel, bí o bá kú, níbo la ó gbé ọ sí?"

Daniel dorí kodò. Ó ti sọ fún wa rí pé igbó ti bo ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, òun ò lè tọ́ka sí i mọ́.

"Ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi," ni Màmá wí.

"Ìyàwó, tìẹ nibẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Gbọ́láhàn á wá gbé mi lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ tutù, n kò ní tètè bàjẹ́."

Gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín, àtèmi náà. Màmá ò rẹ́rìn-ín, Daniel náà ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Táòfíkì fa tẹ̀súbàá rẹ̀ títí ẹ̀rín fi tán nílẹ̀.

"Bí wọ́n bá dé, ẹ ní kí wọ́n wá bá mi. Ọmọ wa ni."

Ohun tó sọ fún wọn náà nìyẹn nígbà tí wọ́n dé. Ó tún pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí i. Daniel búra, ó di ọmọ Nàìjíríà. A jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Kò pẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà ló ní òun fẹ́ lọ wo àbúrò òun. Màmá ní kó lọ. Kó tó lọ, ó wó ilé ìdáná àtijọ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì sàréè Bàbá, ó kó gbogbo àlàpà rẹ̀ dànù, ó tẹ́ ilẹ̀ náà dáadáa.

"Màmá, tiyín rèé. Èmi ni màá sin yín. Ẹ má wá ẹlòmíràn."

Nígbà tó débẹ̀, ó pè. Ara àbúrò rẹ̀ ò yá, ó sì ní ọmọ wẹ́wẹ́. Daniel ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ó ṣì ń pè, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

A bẹ Ọlọ́run kó fún Daniel ní ilé, Ó sì fún un. Mi ò sọ pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀, tí mo fẹ́ bi Í pé ta ló wá kù nínú ilé náà, màá yára ṣe àmín.

Ní àràárọ̀, Màmá máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sàréè Bàbá. Lánàá, mo dúró kí i.

"Màmá Gbọ́láhàn, Ọlọ́run kì í dójú tini o. Daniel á dé."

"Mo mọ̀." Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Mo ti ń yí padà láti máa lọ nígbà tó pè mí.

"Ìyá Praise, ẹ ṣáà jókòó díẹ̀."

Mo jókòó.